Ilé Là Á Wò: Ọ̀jọ̀gbọ́n Zbigniew Dmochowski àti Orúkọ Ohun Tí Ń Bẹ Lára Ilé Yorùbá

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdílé ni òwe yìí ń tọ́ka sí, kì í ṣe ilé tí a fi amọ̀ tàbí bùlọ́ọ̀kù kọ́. Síbẹ̀, fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, bí òwe náà ti rí gan-an ni ó ṣe bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹni tí yóò fún ohun kan ní orúkọ ní láti kọ́kọ́ wo ohun náà dáradára, kí ó sì wádìí bóyá ó ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Ní ti ìmọ̀ ilé kíkọ́, wíwò yìí ni ó sábà máa ń wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní orúkọ àwọn ohun tí ó para pọ̀ di ilé. Bí ó bá kó wọn lọ sí ibi tí àwọn bíríkìlà ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòtún tàbí ní Ìgàndò, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni fáńdéṣọ̀n, píllà, líńtẹ̀, dẹ́kìn àti páánù. Bí ó bá sì kó wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tí a bí sí abúlé Àwórì láyìíká ibẹ̀, bàbá náà lè dárúkọ ìpìlẹ̀, òpó, àtẹ́rígbà, àjà àti òrùlé. Àwọn ọmọ yóò padà sílé pẹ̀lú èdè méjì fún ilé kan ṣoṣo, wọn kò sì ní mọ̀ bóyá ohun kan náà ni èdè méjèèjì ń sọ. Àtẹ́rígbà àti líńtẹ̀ bára mu, nítorí pé ohun tí ó dábùú orí ẹnu-ọ̀nà tí ó sì ru ogiri òkè rẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Àjà àti dẹ́kìn kò bára mu tó bẹ́ẹ̀. Àjà a máa dá òkè yàrá sí, a sì lè kó ẹrù sí i. Ilẹ̀ ẹlòmíràn ni dẹ́kìn jẹ́, ènìyàn ń gbé lórí rẹ̀.

Bàbá arúgbó bẹ́ẹ̀ kò ní wà títí. Ilé tí ó kọ́ ọ ní àwọn ọ̀rọ̀ náà pàápàá ti ń lọ. Abúlé àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibùdó tí ó para pọ̀ di Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ kí ìlú Èkó tó nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Láàrin àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé ìjọba dìde níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu: Gowon Estate, Shagari Estate ní apá Ìpájà, àti àwọn ilé tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ sí Abẹ́sàn. Lẹ́yìn èyí ni ilé aládàáni bo ilẹ̀ tí ó kù. Ogiri amọ̀ di àlàpà, àlàpà di ilẹ̀ títà, bùlọ́ọ̀kù sì dìde lórí rẹ̀. Ilé wó lẹ́ẹ̀kan, orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sì tẹ̀lé e.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ rí ewu yìí jákèjádò Nàìjíríà, tí ó sì fi ìwọ̀n àti àwòrán kojú rẹ̀, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Zbigniew Dmochowski. Ọmọ Pólàńdì ni, kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Iṣẹ́ tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe kan olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ohun tí ó ṣe àti nítorí ohun tí ó ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn láti ṣe.

Ibi tí ó ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀

Ọdún 1906 ni a bí Dmochowski. Ó kọ́ ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Warsaw, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oskar Sosnowski ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ìwádìí nípa ilé kíkọ́ àwọn ará Pólàńdì. Ìlànà ẹ̀ka náà kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé okùn ìwọ̀n àti ìwé, yóò lọ sí ìletò, yóò wọn ilé láti ìpìlẹ̀ dé ténté òrùlé, yóò sì ya ohun tí ó rí gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, kì í ṣe bí ó ti wù ú kí ó rí. Ilé àgbẹ̀ àti ilé ọlọ́lá kò yàtọ̀ lójú okùn náà. Ní ọdún 1934 sí 1935, Dmochowski ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nípa àwọn ilé onígi ní Polesie, ilẹ̀ àbàtà tí ó wà ní ìlà-oòrùn Pólàńdì nígbà náà.

Ogun dé ní ọdún 1939. Sosnowski fara gbọgbẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dó ti Warsaw nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó sì kú. Ní ọdún 1944 wọ́n wó ìlú náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ àti ayàwòrán-ilé ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán oníwọ̀n pamọ́. Nígbà tí ogun parí, àwọn àwòrán wọ̀nyí wà lára ohun tí wọ́n fi tún Ìlú Àtijọ́ Warsaw kọ́. Ní ọdún 1980, àjọ UNESCO fi ibẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ hàn kedere: ilé tí a ti wọ̀n lè wó kí ó sì tún dìde, èyí tí a kò wọ̀n, bí ó bá wó, ó wó náà ni.

Dmochowski fúnra rẹ̀ di ẹni tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun. Níbẹ̀ ni ó ti tẹ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1956 lórí ìtàn ilé kíkọ́ ní Pólàńdì. Ẹni tí kò lè padà sílé fi ìwé kọ́ ilé rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó wọ Nàìjíríà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà

Ìjọba ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1943, òfin tí ó dáàbò bo irú ohun bẹ́ẹ̀ sì jáde ní ọdún 1953. Bernard Fagg ni olórí ẹ̀ka náà nígbà tí Dmochowski dé ní ọdún 1958. Títí di ìgbà náà, ère, ìlù, aṣọ àti ìkòkò ni ojú àwọn olùwádìí wà lára jù. Ilé kò ṣeé gbé sínú àpótí gíláàsì, àwọn kan kò sì gbà pé ilé amọ̀ yẹ ní ohun tí ọ̀mọ̀wé ń jókòó tì. Dmochowski àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Nàìjíríà tí ó kọ́ ní iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kiri láti ilẹ̀ Haúsá dé ilẹ̀ Ìgbò, láti Bìní dé ilẹ̀ Yorùbá. Títí di ọdún 1965 ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà ní ìpele àkọ́kọ́.

Oríṣi àwòrán mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn, ó sì yẹ kí olùkọ́ Yorùbá mọ wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àyálò kan ṣoṣo, pílánì, ni a ń fi pe gbogbo wọn ní Èkó. Èkíní fi ilé hàn bí ẹyẹ tí ó fò kọjá lókè yóò ti rí i bí kò bá sí òrùlé: ibi tí ogiri wà, ibi tí ẹnu-ọ̀nà wà, bí yàrá ti yí àgbàlá ká. Èkejì fi iwájú ilé hàn bí ẹni tí ó dúró ní ìta ti ń wò ó. Ẹ̀kẹta fi ilé hàn bí ìgbà tí a bá fi ọ̀bẹ la ọsàn sí méjì: a rí bí ogiri ti nípọn tó, bí òrùlé ti ga tó, bí igi ti gun ara wọn, àti bí omi òjò ti ń gbà lọ. Ẹ̀kẹta yìí ni ó sọ àṣírí ilé jù, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti rí ìdí tí ilé kò fi wó.

Ìrònú kan wà lẹ́yìn gbogbo làálàá náà. Dmochowski gbà pé Nàìjíríà tí ó gba òmìnira ní ọdún 1960 kò yẹ kí ó máa yá ilé wọ̀ bí aṣọ àyálò. Ó fẹ́ kí àwọn ayàwòrán-ilé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí fi ìmọ̀ àwọn baba wọn ṣe ibi tí wọn yóò ti gbéra. Ó fẹ́ kí wọ́n lóye ìdí tí ilé àtijọ́ fi rí bí ó ti rí, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ kọ́ èyí tí ó bá ìgbà mu. Kì í ṣe pé kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà ilé àtijọ́ káàkiri.

Lẹ́yìn náà ni ó padà sí Pólàńdì, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Gdańsk. Níbẹ̀ ni ó ti dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru. Nínú àwọn ọdún 1970, wọ́n tún pè é láti wá ṣètò ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Jos, tí yóò jẹ́ pé ilé gan-an ni ohun ìwòran inú rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1982. Ìwé rẹ̀ lórí ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà kò jáde títí di ọdún 1990, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí ó ti kú. Apá mẹ́ta ni: apá kìíní lórí Àríwá, apá kejì lórí Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn àti àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, apá kẹta lórí ilẹ̀ Ìgbò. Apá kejì ni ilé Yorùbá wà.

Ilé Yorùbá àti èdè tí ń bẹ lára rẹ̀

Àwòrán kì í sọ̀rọ̀. Ó lè sọ pé ogiri kan nípọn tó báyìí, kò lè sọ ohun tí ẹni tí ó mọ ọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ti pàdé iṣẹ́ onímọ̀ èdè.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Lónìí, “kọ́” ni a ń lò fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n “mọ” ni ọ̀rọ̀ tí ó bá amọ̀ lọ: a ń mọ ogiri bí a ti ń mọ ìkòkò. A ń rẹ́ ogiri kí ara rẹ̀ lè dán, a ń bo ilé bí a bá fi koríko tàbí ewé ṣe òrùlé, a sì ń kan páánù. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan sọ ohun èlò tí a lò. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá gbàgbé èyí yóò máa sọ pé a “kọ́” ohun tí a mọ.

Ogiri amọ̀ pẹ̀lú ní ìlànà tirẹ̀. Ìpele-ìpele ni a ń mọ ọ́n, a sì ń jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Bí a bá kánjú, amọ̀ tútù yóò rọ̀ lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀, ogiri yóò wọ́. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi bá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mu. Ogiri tí ó nípọn ń gba ooru oòrùn díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sán, nítorí náà inú yàrá ń tutù nígbà tí ìta ń jó. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Nítorí èyí ni etí-òrùlé fi ń yọ jáde gan-an kọjá ogiri, kí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ lè máa kán sílẹ̀ jìnnà sí ìdí ilé. Ẹni tí ó bá gé etí-òrùlé kúrú nítorí ẹwà ti gbẹ́ sàréè ilé náà.

Òrùlé náà ní ìtàn. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ni a ń kó wá láti fi bo ààfin, ọdún Bẹẹrẹ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ayẹyẹ pàtàkì ìlú náà. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbodogi ni ọ̀pọ̀ ń lò. Páánù dé, ó fúyẹ́, kò sì nílò àtúnbò lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ó gbé ooru wọlé. Nígbà tí koríko kúrò lórí ilé, ìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ àwọn tí ń bo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́nu ènìyàn.

Bí a bá tún wo ètò ilé, ọrọ̀ inú èdè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agboolé ni àpapọ̀ ilé ìdílé kan. Ojúlé ni ẹnu-ọ̀nà kọ̀ọ̀kan àti àwọn tí ń gba ibẹ̀ wọlé. Àkòdì ni ọ̀wọ́ yàrá tí ó yí àgbàlá ká. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi tí òrùlé ṣíji bò níwájú yàrá, tí a ti ń ṣiṣẹ́, tí a ti ń gba àlejò. Ìyẹ̀wù sì ni yàrá inú lọ́hùn-ún. Ìloro ni àbáwọlé. Kọ̀bì ni èyí tí ó yọ síwájú pẹ̀lú òrùlé tirẹ̀, ó sì jẹ́ àmì ààfin, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Johnson yìí kan náà ni ó sọ ìtàn Aláàfin Àgànjú tí ó to òpó idẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, irú bí Ọ̀wọ̀, a rí àgbàlá tí òrùlé ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dagun sí inú rẹ̀. Òjò yóò rọ̀ sí àárín ilé, a óò fi ìkòkò gba omi, ìyókù yóò sì gba ojú àgbàrá abẹ́ ogiri jáde. Ùghà ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pe àgbàlá ààfin. Ẹni tí ó bá kọ “àgbàlá” lásán fún gbogbo ìwọ̀nyí ti pàdánù ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì.

Onímọ̀ nípa ilẹ̀-ayé náà, G. J. Afọlábí Òjó, ti fi ìwé kan hàn ní ọdún 1966 pé ààfin nìkan tó ohun tí a lè fi odidi ìwé ṣàlàyé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ sì jẹ́ ìkìlọ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn Wembley ní ọdún 1924, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti London sì fi àga kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago. Àwọn tí ń wò wọ́n níbẹ̀ ń pè wọ́n ní ère. Ní Ìkẹ́rẹ́, òpó àti ilẹ̀kùn ni wọ́n: apá kan lára ilé ni wọ́n. Orúkọ tí a yí padà ti mú wọn kúrò nílé lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀dà, àtúnkọ́ àti àtúnṣe

Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ilé ìbílẹ̀ tí Dmochowski ṣètò sí Jos ní ẹ̀dà mọ́sáláṣí Zaria, èyí tí Babban Gwani Mikaila kọ́kọ́ mọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti ẹ̀dà odi ìlú Kánò. Wọ́n tóbi bí ènìyàn ti lè wọ inú wọn. Ìbéèrè èdè kan jáde níbẹ̀. Mọ́sáláṣí tí ó wà ní Jos kì í ṣe èyí tí ó wà ní Zaria. Ìlú Àtijọ́ Warsaw kì í ṣe ẹ̀dà, nítorí pé ojú ibi tí ó ti wó ni wọ́n tún un kọ́ sí. Ilé tí a ń pè ní Jaekel House ní ọgbà rélùwéè Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó kò tíì wó nígbà tí ẹgbẹ́ Legacy, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, tún un ṣe tí ó sì di ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n “wọ́n tún un ṣe” ni ìwé ìròyìn Yorùbá sábà máa ń kọ fún gbogbo wọn.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n kéde Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà tí ó wà ní Tinúubú ní Ìsàlẹ̀ Èkó, gẹ́gẹ́ bí ilé tí òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bò ní ọdún 1956. Nǹkan bí ọdún 1855 ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 wọ́n wó o. Bí ẹnikẹ́ni bá wí lẹ́yìn náà pé a óò “tún un ṣe,” ẹni tí ó mọ èdè yóò dáhùn pé kò sí ohun tí a óò tún ṣe mọ́. Àfi àtúnkọ́, àtúnkọ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán oníwọ̀n.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ti rìn lójú ọ̀nà kan náà. David Aradeon ti Yunifásítì Èkó ṣètò àfihàn lórí ọgbọ́n ilé kíkọ́ ní Áfíríkà nígbà àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977. John Godwin, tí òun àti Gillian Hopwood dé Èkó ní ọdún 1954, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì kan náà. Àwọn méjèèjì sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 2012 lórí ìdàgbàsókè ìlú Èkó. Ìwé ń pọ̀ sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ilé tí ń bẹ ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan rò pé kò sí ohun tí ó kù láti wọ̀n ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìkòtún. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ilé tí ó pọ̀ jù ní àwọn àdúgbò náà fún ìgbà pípẹ́ ni ilé tí ọ̀nà tóóró kan là já láàrin, tí yàrá kọjú sí yàrá ní apá méjèèjì, tí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Àwọn ará Èkó ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́ pè é ní “face-me-I-face-you”. Ní ọdún 1984, John Michael Vlach tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó so irú ilé yìí mọ́ ilé tí àwọn Àgùdà mú ti Brazil bọ̀. Ilé ọlọ́lá ni nígbà kan rí. Ó gba Ìsàlẹ̀ Èkó kọjá, ó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, ó sì di ilé àwọn tí ń gba yàrá kan. Bí a bá wò ó dáadáa, a óò rí àkòdì tí a tẹ̀ pọ̀: àgbàlá ti di ọ̀nà tóóró, ojúlé ti di yàrá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń kí ara wọn láàárọ̀ bí ará agboolé kan.

Ilé yìí náà ti ń lọ. Onílé ń wó o láti fi kọ́ ilé tí ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò ti ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, ó sì ní ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìnira inú ilé àtijọ́ náà kì í ṣe kékeré. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó sọ pé kí àwọn ènìyàn máa gbé inú ìnira nítorí ìtàn. Ohun tí ẹ̀kọ́ Dmochowski béèrè kò tó bẹ́ẹ̀: kí a wọ̀n ọ́n kí ó tó wó, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn tí wọ́n gbé inú rẹ̀. Ọmọ kíláàsì kan tí ó ní okùn ìwọ̀n àti ìwé lè ṣe é láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ètò Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwọ̀n ilé jẹ́ ìṣirò, ìdí tí ogiri fi tutù jẹ́ sáyẹ́ǹsì, orúkọ àtẹ́rígbà sì jẹ́ èdè. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni lórí ilé kan.

Àbá fún ọ̀rọ̀-ìperí

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni iṣẹ́ Dmochowski fi hàn pé a nílò. Àwọn kan ti wà lẹ́nu àwọn àgbà tipẹ́. Àwọn mìíràn jẹ́ àbá tuntun tí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè yóò yẹ̀ wò.

Àwòrán oníwọ̀n: àwòrán ilé tí ó wà, tí a wọ̀n ní ẹsẹ̀ kan ìsẹ̀lẹ̀ kí a tó yà á.

Àwòrán àtòkèwò: èyí tí ó fi ètò yàrá, ogiri àti ẹnu-ọ̀nà hàn láti òkè. Òun nìkan ni ó yẹ kí “pílánì” máa tọ́ka sí.

Àwòrán àtiwájúwò: èyí tí ó fi ojú ilé hàn láti ìta.

Àwòrán àlàwò: èyí tí ó fi inú ilé hàn bí ẹni pé a là á sí méjì.

Àtẹ́rígbà: igi, irin tàbí kọnkéré tí ó dábùú orí ẹnu-ọ̀nà tàbí fèrèsé. Kò sí ìdí láti fi líńtẹ̀ lé e lọ.

Ìpele ogiri: ìwọ̀n ogiri amọ̀ tí a mọ lẹ́ẹ̀kan kí a tó dúró kí ó gbẹ.

Àgbàlá agbòjò: àgbàlá tí òrùlé ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń da omi òjò sí. Ùghà lè dúró fún ti ààfin.

Ilé àfòfindáàbòbò: ilé tí ìjọba kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó tàbí yí padà láìgba àṣẹ.

Àtúnṣe: iṣẹ́ lórí ilé tí ó ṣì dúró, láìpa ìrísí rẹ̀ dà.

Àtúnkọ́: gbígbé ilé tí ó ti wó dìde lójú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀dà ilé: ilé tí a kọ́ síbòmíràn ní àwòrán òmíràn tí ó ṣì wà tàbí tí ó ti wà rí.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Dmochowski jẹ́ àlejò tí kò gbà fún àgbàrá náà nígbà tí ọ̀pọ̀ onílé kò tíì rí i pé ó ń bọ̀. Ó ti rí ìlú tirẹ̀ tí ó wó, ó sì mọ iye tí ìwé àwòrán kan lè tó lọ́jọ́ tí ogiri bá di eruku. Ó fi ìwọ̀n ilé sílẹ̀ fún wa nínú apá mẹ́ta ìwé. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì, èyí tí àlejò kò lè ṣe, wà lọ́wọ́ àwọn tí ó gbọ́ èdè ilé náà: kí wọ́n jókòó ti àwọn amọlé, káfíńtà àti ìyá àgbà tí wọ́n kù ní Ìgàndò, ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ilé bá ti wó tán, kí ni a óò wò?